Àwẹ̀ró, Ṣé O Ti Wẹ̀?

Òórùn ọṣẹ ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nílé wa ní Okota. Àkùkọ kan wà ládùúgbò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá wù ú ló ń kọ. Balùwẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá wa, omi rẹ̀ sì ń gba inú gọ́tà tóóró kan kọjá lábẹ́ fèrèsé náà. Ẹni tó bá ń wẹ̀, òórùn ọṣẹ rẹ̀ á wọlé wá bá wa lórí ẹní. Mo mọ ará ilé kọ̀ọ̀kan mọ́ ọṣẹ rẹ̀. Bàbá mi, tó ń wa tírélà fún ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀, ọṣẹ dúdú ni tirẹ̀. Òórùn rẹ̀ dà bí ti eérú tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ìyá Bọ́sẹ̀, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ọṣẹ pupa tí wọ́n ń tà fún kúrúnà ni tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò ní kúrúnà. Ìyá mi, èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn gbogbo wa ni tirẹ̀.

Àárọ̀ ọyẹ́ kan ni òórùn tí mi ò mọ̀ wọlé. Ó dùn jù, bí òdòdó tí wọ́n da ṣúgà lé lórí. Omi tutù nini lásìkò náà, kò sẹ́ni tó ń wẹ̀ kí oòrùn tó yọ àfi ẹni tí iṣẹ́ bá ń lé. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi, ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ń sùn ti tutù. Mo ń gbọ́ tí kàn-ìn-kàn-ìn ń ha ara èèyàn, bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò tó jóná. Mo padà sùn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, kí ló kàn mí.

Ràfíátù ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Òun ni àkọ́bí, ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹni tó ń tajà ní Bọ́ládé fi ń pe ìyá wa ní Ìyá Ràfíá. Àǹtí mi ni èmi ń pè é. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ni oríkì rẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá wa, tó ń gbé ní Ìsẹ́yìn, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kó o jáde: ọmọ tí a wẹ̀ tán, tí a sì ró aṣọ fún. Bí ẹ bá mọ Àǹtí mi nígbà yẹn, ẹ ó mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n kẹ́ ni lóòótọ́. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ti ẹ̀yìn ilé jáde dé ojú títì. Kò sí ẹni tí kì í bá jiyàn, títí kan bàbá wa, títí kan ẹni tó ń ka ìròyìn nínú rédíò. Ìyá mi a máa sọ pé ọmọbìnrin yìí, ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Àǹtí mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń de táì. Bó bá ra ẹ̀pà, apá tó pọ̀ jù ni tèmi, á ní òun ò fẹ́ kí eyín òun gbó. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, orí itan rẹ̀ ni mo ti ń sùn.

Nígbà tó ṣe dáadáa nínú ìdánwò tó gbé e wọ SS1, àbúrò bàbá mi ra fóònù fún un. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Ìyá Àgbà ń fi ohùn ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn. Ọmọ kan ládùúgbò wọn ló ń bá a tẹ̀ ẹ́. A ó kọ́kọ́ gbọ́ adìyẹ, a ó gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń bi ọmọ náà pé ṣé wọ́n ti ń gbọ́ òun báyìí, kó tó wá bẹ̀rẹ̀: "Àwẹ̀ró mi, ọmọ tí a wẹ̀ tí omi ń dúpẹ́." Àǹtí mi á gbé fóònù sétí, á kúnlẹ̀ díẹ̀ lórí ẹní, á ní, "Ẹ ṣé o, Ìyá Àgbà," bí ẹni pé ó wà nínú yàrá. Lẹ́yìn náà á gbé e sí etí tèmi.

Mi ò lè sọ ọjọ́ tó yí padà. Òórùn ọṣẹ olóòdòdó yẹn ni mo rántí. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, á wẹ̀ kó tó lọ sílé ìwé, á wẹ̀ bó bá dé, á tún wẹ̀ kó tó kí Làásárì. Garawa kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ á dúró síta pẹ̀lú aṣọ ìnura léjìká, á máa kan ilẹ̀kùn páànù yẹn: "Ràfíá, ṣé o fẹ́ bó awọ ara ẹ ni? Jọ̀ọ́, fi díẹ̀ sílẹ̀, ọkọ á bèèrè." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Tẹ́lẹ̀, Àǹtí mi ì bá ti fún un lésì tó máa mú un gbàgbé ìwẹ̀. Àmọ́ nígbà yìí, á jáde, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ má bínú, mà," á sì kọjá lọ.

Ẹ ò rí i, ohun tó tàn wá jẹ nìyẹn. Ìkúnlẹ̀ yẹn. Nílé wa, ọmọ tó bá ń pariwo là ń wò lójú. Ọmọ tó bá dákẹ́, a gbà pé ó ti gbọ́n. Bí wọ́n bá ń bá a wí, á dojú bolẹ̀, kò ní gbó ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìyá mi gbà pé ẹ̀kọ́ tí òun ti ń kọ́ ọ láti kékeré ló wọlé. Ìbọ̀sẹ̀ àti sáńdà ilé ìwé ni ìyá mi ń tà ní Bọ́ládé, èmi sì máa ń tẹ̀ lé e lọ lọ́jọ́ Sátidé, àbúrò mi Múìsì á wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń fi Àǹtí mi yangàn. Àwọn ìyá yòókù ń ráhùn pé ọmọbìnrin òde òní ò ṣeé tọ́, ó ní tòun ti balẹ̀. Kì í bá èèyàn jiyàn mọ́. Á wẹ̀ láàárọ̀, á wẹ̀ lọ́sàn-án, ara rẹ̀ á máa ta sánsán. "Orúkọ ń ro ọmọ," ni ìyá mi ń sọ, "Àwẹ̀ró ni, ó sì ń wẹ̀." Wọ́n kí i kú oríire.

Èmi nìkan ni inú mi ò dùn sí ọmọlúàbí tuntun yìí, torí pé kò jẹ́ kí n sùn lórí itan rẹ̀ mọ́. Bí mo bá sún mọ́ ọn, á ní, "Má sún mọ́ mi, jọ̀ọ́." Ó gbé ẹní rẹ̀ lọ sí ìdí ògiri. Mo rò pé bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń ṣe nìyẹn, mo sì bínú sí i níwọ̀nba.

Nǹkan kan wà tí mo rí tí ẹnikẹ́ni ò rí, torí ọmọ kékeré kì í ní iṣẹ́ méjì ju kó máa wo èèyàn lọ. Fóònù rẹ̀ á dún, tíń. Á wò ó. Á dojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á dìde lọ gbé garawa. Mo wò ó títí, ó dá mi lójú. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi bí àwàdà pé fóònù ló ń rán Àǹtí mi létí kó lọ wẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní fóònù náà gbọ́n ju èmi lọ, torí pé wọ́n gbọ́dọ̀ lé mi kí n tó wẹ̀. Ẹ wá wò ó o. Òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ nínú àwa méjèèjì.

Ojú ló gbé Ìyá Àgbà wá sí Èkó lọ́dún yẹn. Ó ti ń ṣú u, wọ́n sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rún orógbó jẹ, àwa ọmọ sì lọ kí i. Èmi dọ̀bálẹ̀. Àǹtí mi kúnlẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti balùwẹ̀ dé, omi ṣì wà létí rẹ̀. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, "Àwẹ̀ró mi, ọmọ tí a wẹ̀ tí omi ń dúpẹ́."

Ẹ mọ bí ọmọ tí wọ́n bá ki ṣe máa ń ṣe. Orí á wú, ọrùn á gùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ṣẹ̀. Àǹtí mi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́, ó fi imú kan èjìká ara rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Ìyá Àgbà tí ojú rẹ̀ ń ṣú ni ó rí i.

Kò sọ nǹkan kan níwájú rẹ̀. Nígbà tí Àǹtí mi wọlé, Ìyá Àgbà bi ìyá mi léèrè ohun tó ń ṣe ọmọ yìí. Ìyá mi ní kò sí nǹkan kan o, ó kàn ti ń dàgbà ni, ó wá sọ ti ìwẹ̀, ó sì fi orúkọ ń ro ọmọ kún un. Ìyá Àgbà ní, "Orúkọ kì í ro ọmọ báyẹn." Èmi náà fẹ́ kópa, mo bá sọ àwàdà fóònù mi. Ìyá Àgbà yí ojú sí mi. Ó ní kí n sọ ọ́ pa dà. Ó bi mí pé èwo ló ń ṣáájú, ṣé fóònù ni àbí garawa. Mo ní fóònù ni. Kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ní kí Àǹtí mi wá bá òun fọ ẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n sọ nínú balùwẹ̀, Àǹtí mi fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí àwa méjèèjì ti dàgbà. Ó ní òun ń fọ ẹ̀yìn lọ, Ìyá Àgbà sì pe òun lẹ́ẹ̀kan sí i, Àwẹ̀ró. Ó ní òun bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó má pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá Àgbà ò bi í pé kí ló dé. Kò bá a wí. Ó kàn ní, "Ta ló sọ fún ọ pé o ń rùn?"

Kàn-ìn-kàn-ìn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹkún rẹ̀ ni a gbọ́ láti inú ilé. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn, àwọn méjèèjì ti jáde, wọ́n jókòó sórí òkúta ìfọṣọ, Ìyá Àgbà ró ìró mọ́ àyà, ọṣẹ ṣì ń hó lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí Àǹtí mi mú fóònù wá, kó ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún òun, torí òun ò mọ ìwé. Ó kà á. Ó ń kà á bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí ọmọ ka ìwé níwájú kíláàsì, ohùn kan náà, kò sókè, kò sódò.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju báyìí lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ dá gúrúùpù sílẹ̀ lórí fóònù. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí inú rẹ̀ dùn, ó gbé ohùn Ìyá Àgbà síbẹ̀ kí wọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ki òun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó, tó ti jẹun nílé wa rí, ló dáhùn pé, "Àwẹ̀ró, ṣé o ti wẹ̀?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún bi í. Wọ́n ya garawa lé fọ́tò rẹ̀ lórí. Wọ́n ya eṣinṣin sí i. Wọ́n gé ohùn Ìyá Àgbà, wọ́n fi igbe ewúrẹ́ tẹ̀ lé e, ó ń lọ káàkiri. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti bi í. Bó bá dé kíláàsì, wọ́n á di imú. Bó bá délé, wọ́n á kọ ọ́ pé àwọn ò tíì gbọ́ òórùn ọṣẹ o. Àwọn kan kọ ọ́ pé kó má wá sílé ìwé mọ́. Ó kúrò nínú gúrúùpù, wọ́n fà á pa dà. Ọmọ mọ̀ pé òun ò rùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ nǹkan fún èèyàn láràárọ̀, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà.

Ìyá mi ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú Múìsì lẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n gbé fóònù burúkú yẹn fún òun, òun máa fọ́ ọ mọ́ òkúta. Àǹtí mi di fóònù náà mọ́ àyà. Ó ní, "Ohùn Ìyá Àgbà wà nínú ẹ̀." Ìyẹn ló fà á tó fi dákẹ́ láti ìgbà náà wá. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ, wọ́n á gba fóònù, ọjọ́ Jímọ̀ á sì lọ. Ohun kejì tún wà, tó sọ fún Ìyá Àgbà bí ẹni ń jẹ́wọ́: òun ò fẹ́ kó gbọ́ pé ohùn rẹ̀ ni wọ́n so mọ́ ewúrẹ́.

Ìyá Àgbà ní kí ìyá mi dáwọ́ dúró. Ó ní bí wọ́n bá ja ọmọ lólè, a kì í gba èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti ewúrẹ́, ó ní ẹ jẹ́ kí òun náà gbọ́ ọ. Àǹtí mi kọ́kọ́ kọ̀, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ẹ́. Ìyá Àgbà fetí sí i dópin. Ó ní, "Ewúrẹ́ yẹn ò tilẹ̀ mọ oríkì kì."

 Àǹtí mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, imú rẹ̀ ń ṣàn. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ibi tó tutù, Múìsì ń fa gèlè rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo ń yìn ín. Gbogbo Bọ́ládé ni mo sọ fún."

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá mi ò lọ sí ìsọ̀. Òun àti Ìyá Àgbà ló tẹ̀ lé Àǹtí mi lọ sílé ìwé. Olùkọ́ kíláàsì wọn gbọ́ ẹjọ́ náà, ó pe ọ̀rẹ́ yẹn, ó ránṣẹ́ sí àwọn òbí, wọ́n tú gúrúùpù náà ká. Ìyá mi ní gbogbo bí wọ́n ṣe ń pariwo, nǹkan kan ṣoṣo ni Ìyá Àgbà bi ọ̀rẹ́ yẹn: kí ni oríkì tirẹ̀? Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ó ní wọn ò pe òun ní ìkankan rí. Ìyá Àgbà ní kó délé bi ìyá rẹ̀. Lójú ọ̀nà, ó ní àánú ọmọ yẹn ṣe òun. Ìyá mi ní àánú ò ṣe òun o, kó má bàa jẹ́ pé òun purọ́.

Ṣùgbọ́n pé wọ́n tú gúrúùpù ká kò gba garawa lọ́wọ́ Àǹtí mi. Ìyẹn gba àkókò. Wọ́n ti yẹ ojú Ìyá Àgbà wò tán, kò pa dà sílé. Láràárọ̀ ni á jókòó sórí àpótí, á pe Àwẹ̀ró, á sì gbá àgbọ̀n rẹ̀ mú pẹ̀lẹ́ kí imú má bàa dé èjìká. Kò sọ pé kó dáhùn. Ó kàn ń dúró ni. Nígbà míì omi ẹ̀kọ á ti hó kọjá, ìyá mi á máa pariwo pé àkókò ilé ìwé ti ń lọ, Ìyá Àgbà á ṣì di àgbọ̀n mú. Lọ́jọ́ tí Àǹtí mi wá dáhùn, kò sí ariwo kankan. Ó ní, "Ìyá Àgbà." Ó ní orógbó ń rùn lẹ́nu wọn. Ìyá Bọ́sẹ̀ tó ń gbálẹ̀ ní Ọlọ́run ṣeun, ẹnu rẹ̀ ti pa dà, ẹ jẹ́ ká sá fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú yẹn, Àǹtí mi fi ọwọ́ lu itan rẹ̀, ó wò mí. Mo sáré lọ gbé orí lé e.

Ìyá Àgbà ti di olóògbé báyìí. Àǹtí mi wà nílé ọkọ ní Ìsọlọ̀, ohùn ọjọ́ Jímọ̀ wọ̀nyẹn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ó ń kó wọn láti inú fóònù kan bọ́ sínú òmíràn. Èmi ò kàwé jìnnà. Mo wà ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà, òórùn ọ̀rá tó gbóná kì í sì kúrò lára mi bọ̀rọ̀. Bí mo bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló ti ń dá mi dúró, á di imú, á ní, "Ìwọ yìí, ṣé o ti wẹ̀?" Ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ ọ́, mi ò mọ ibi tí màá gbé ojú sí. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àtijọ́ yẹn, tí ọkọ rẹ̀ fi jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Múìsì, tó wà lẹ́yìn ìyá mi lọ́jọ́sí, ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé nítorí ilé ìwé. Ọmọ tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ni, aláriwo. Láìpẹ́ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í délé ní wéré, á fọ àwo láìjẹ́ pé mo sọ, bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní bẹ́ẹ̀ ni, bọ̀dá. Ìyá onílé kí mi pé mo tọ́ ọmọ náà dáadáa. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ níbi iṣẹ́.

Àárọ̀ àná ni mò ń wọ bàtà iṣẹ́, ó ń fọ àwo. Fóònù rẹ̀, tó ti dojú rẹ̀ dé orí tábìlì, dún. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi. Kò yíjú. Ó pẹ́ kí ọwọ́ yẹn tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ìjọ́sí rí gbogbo nǹkan, kò mọ ohun tó rí. Èmi tí mo mọ̀, ìyìn ti fẹ́ dí mi lójú, gẹ́gẹ́ bó ṣe dí ìyá mi lójú ní Bọ́ládé. Mo bọ́ bàtà. Mo fa àpótí, mo jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ báfù àwo náà. Mo pe oríkì rẹ̀, "Àlàó."

Kò dáhùn. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ fun fèrè níta, ó tún fun ún, ó lọ. Mi ò dìde.